Ìbéèrè Kan Lójú Ẹ̀rọ ATM: Ibi Tí Owó Arìnrìn-àjò Ń Gbà Lọ

Ká ní tọkọtaya ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì wọ bàálù lọ sí Barcelona. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó rántí pé kò sí yúrò kankan lọ́wọ́ àwọn. Ọkọ rí ẹ̀rọ ATM kan tí iná rẹ̀ ń tàn yòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ. Ó ki káàdì bọ̀ ọ́, ó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ó ní òun fẹ́ 200 yúrò. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá gbé ìbéèrè kan jáde. Ó kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé 192.64 póńdì lòun máa yọ nínú àkáǹtì rẹ̀, pé iye náà kò ní yẹ̀ mọ́, ṣé ó gbà? Bọ́tìnì "mo gbà" fẹ̀, àwọ̀ ewé ló ní. Èyí tó sọ pé "tẹ̀ síwájú láìsí pàṣípààrọ̀" ṣe tín-ín-rín nísàlẹ̀, ó sì jọ èyí téèyàn fi ń fagi lé gbogbo ohun tó ti ń ṣe bọ̀. Ebi ń pa ìyàwó. Àwọn mẹ́ta mìíràn ti tò sẹ́yìn wọn. Ọkọ tẹ èyí tó fẹ̀.

Póńdì ogún ti lọ nìyẹn, wọn ò tíì ra búrẹ́dì.

Bí ìṣirò náà ṣe lọ rèé. Tó bá jẹ́ pé 0.86 póńdì ni yúrò kan lọ́jà àgbáyé lọ́jọ́ náà, 172 póńdì ni 200 yúrò. Ẹni tó ni ẹ̀rọ fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ló bá di 192.64. Kò purọ́ fún wọn o. Iye tó kọ sójú ẹ̀rọ náà ló gbà. Ohun tí kò sọ sókè ni pé òun ló dá iye pàṣípààrọ̀ yẹn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, pé báǹkì wọn nílé ì bá fi iye tó dín gan-an ṣe é bí ọkọ bá tẹ bọ́tìnì tó ṣe tín-ín-rín. Àwọn oníbáǹkì ń pe iṣẹ́ yìí ní DCC. Ó máa ń fi owó tó tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó lè dé ìdá mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lára àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sí pápákọ̀ òfurufú, ibùdókọ̀ rélùwéè àti àdúgbò tí àwọn àlejò pọ̀ sí. Ìtura tí ẹ̀rọ náà ń tà ni pé ó fi owó tójú arìnrìn-àjò mọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tí póńdì 192 lè rà. Kò mọ ti yúrò. Nítorí náà, ó fọkàn balẹ̀ níbi tó yẹ kó ti la ojú rẹ̀.

Òfin Visa àti ti Mastercard ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ bi oníkáàdì kí wọ́n tó ṣe irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè náà fi ń jáde. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tún ṣòfin lọ́dún 2019, èyí tó di dandan láti ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2020, pé láàárín owó àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan náà, ẹ̀rọ àti sọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ fi han oníbàárà iye ìdá tí wọ́n lé lórí iye tí báǹkì àpapọ̀ Yúróòpù kéde. Òfin dára. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó lè ka ojú ẹ̀rọ fún ẹni tó rẹ̀, tó fẹ́ gba owó rẹ̀ kó kúrò níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí arìnrìn-àjò há sórí bí orúkọ rẹ̀ ni pé owó ìlú tó wà ni kó máa yàn: yúrò ní Sípéènì, póńdì ní Ìlú Ọba, náírà ní Nàìjíríà, sẹ́fà ní Kútọnu. Ìbéèrè kan náà ń jáde lójú ẹ̀rọ POS nínú sọ́ọ̀bù àti nígbà tí wọ́n bá ń sanwó ilé ìtura. Ìdáhùn kan náà ni.

Ìyẹn ni èyí tó tóbi jù, ìdí nìyẹn tí a fi fi í ṣáájú. Kì í ṣe òun nìkan.

Bí a bá gba owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílẹ̀ àjèjì, ọwọ́ mẹ́ta ló lè tọ́ ọ wò kó tó dé àpò wa. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ni ẹ̀rọ, tó lè gba owó ẹ̀rọ rẹ̀, bí i dọ́là mẹ́ta sí márùn-ún tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Èkejì ni Visa tàbí Mastercard, tí ń ṣírò iye pàṣípààrọ̀. Tiwọn sábà máa ń sún mọ́ ti ọjà àgbáyé pẹ́kípẹ́kí, wọ́n sì ń gbé e síta lójoojúmọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kẹta ni báǹkì tiwa fúnra rẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun èèyàn, nítorí ọ̀pọ̀ báǹkì ńlá ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún nítorí pé owó náà kì í ṣe owó ilẹ̀ wọn, àwọn kan á sì tún fi owó pàtó lé e nítorí pé ẹ̀rọ ni a ti gbà á. Káàdì kírẹ́dìtì, ìyẹn èyí tí báǹkì fi ń yáni lówó, tún burú ju ìyẹn lọ. Bí a bá fi ra ọjà, a ní àkókò láti san án padà láìsí èlé. Bí a bá fi gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, èlé ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí ẹ̀rọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò sí gbogbo ìdíwọ́ wọ̀nyí. Báǹkì Barclays ló gbé èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ lágbàáyé sí Enfield, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1967. Òṣèré orí tẹlifíṣọ̀n, Reg Varney, ló kọ́kọ́ gba owó lẹ́nu rẹ̀. Káàdì ATM ò tíì sí nígbà náà. Bébà pàtàkì kan ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, póńdì mẹ́wàá péré ló sì ń pọ̀. Nàìjíríà kò rí tirẹ̀ títí di ọdún 1989, nígbà tí Société Générale Bank gbé e wọlé. Oníbàárà tó ń lọ sídìí ẹ̀rọ báǹkì rẹ̀, ní àdúgbò rẹ̀, pẹ̀lú owó ilẹ̀ rẹ̀, kò ní nǹkan púpọ̀ láti bẹ̀rù. Ìgbà tí ẹ̀rọ gbogbo ayé wá so mọ́ ara wọn ni ààyè ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọwọ́ láàárín èèyàn àti owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo oṣù Kejìlá ní Ìkẹjà. Àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto ń wọlé fún ìgbéyàwó, òkú àgbà àti ayẹyẹ ìparí ọdún. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ju káàdì òkè òkun lọ́wọ́. Wọ́n dúró níwájú ẹ̀rọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ 100,000 náírà, ẹ̀rọ náà ní 20,000 lòun lè fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bébà 1,000 náírà tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005 ló ṣì tóbi jù nínú owó wa títí dòní, ẹnu ẹ̀rọ kò sì lè pọ bébà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ju bí ogójì lọ, àwọn báǹkì mìíràn sì ń dín in kù sí i kí owó inú ẹ̀rọ má bàa tètè tán. Ká sọ pé 2,000 náírà ni póńdì kan. 20,000 náírà jẹ́ póńdì mẹ́wàá. Bí báǹkì ẹni náà ní Lọ́ńdọ̀nù bá ń gba póńdì kan àbọ̀ lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá gba owó lẹ́yìn odi, tó sì tún ń gé ìdá mẹ́ta, kó tó rí 100,000 náírà gbà lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ti san póńdì mẹ́sàn-án lórí àádọ́ta póńdì. Póńdì mẹ́sàn-án yẹn tó oúnjẹ gbogbo ilé fún ọjọ́ kan. Ó sì dun ni, nítorí pé ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn tàbí nílé ìtọ́jú arúgbó kó lè wálé ló san án.

Nígbà kan, òfò tó tóbi ju èyí lọ wà níbẹ̀. Títí di àárín ọdún 2023, iye tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n fi ń ṣírò owó fún ẹni tó bá fi káàdì òkè òkun gba náírà. Ó wà ní nǹkan bí 460 náírà sí dọ́là kan, nígbà tí àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là lójú pópó ti ń gbà á ní ohun tó ju 700 lọ. Ẹni tó lo ẹ̀rọ ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pa gbogbo ojú ọjà náà pọ̀ di ọ̀kan, náírà sì já wálẹ̀ lọ́jọ́ kan láti nǹkan bí 470 kọjá 600. Ìṣòro ńlá ni ọjọ́ náà dá sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé nílé. Ṣùgbọ́n fún oníkáàdì òkè òkun, àlàfo tó wà láàárín ẹ̀rọ àti ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ bébà owó, ẹ̀rọ kò tilẹ̀ ní owó nínú. Àwọn oní-POS ń gé ohun tó wù wọ́n lórí owó bébà, ẹni tó dé láti òkè òkun pẹ̀lú káàdì nìkan sì ń rìn láti báǹkì dé báǹkì.

Ọ̀nà tó dára jù fún ẹni tó ń bọ̀ wálé ni pé kó má gbára lé ẹ̀rọ rárá. Nàìjíríà ti di ilẹ̀ tí èèyàn lè fi tiransífà ra àkàrà. Láti ọdún 2011 tí NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, ti gbé ètò NIP jáde, owó ń kúrò ní báǹkì kan bọ́ sí òmíràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá fi ètò orí fóònù bí i LemFi, Sendwave tàbí TapTap Send fi póńdì ránṣẹ́ sí àkáǹtì náírà tirẹ̀ tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó wọ bàálù, tó sì ń ná an láti inú fóònù, kò ní nílò ju owó ìṣánà lọ lápò. Ìṣòro tó wà tẹ́lẹ̀ ni BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báǹkì: ẹni tí kò ní í, kò lè ní àkáǹtì tó pé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Báǹkì Àpapọ̀ àti NIBSS ṣí ètò kan tí ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé lẹ́yìn odi lè fi gba BVN láti ibi tó wà, láìwọ bàálù wálé wá tẹ̀ka. Ó yẹ kí ìròyìn yìí dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní òkè òkun, kó má mọ sí ojú ìwé ìròyìn báǹkì nìkan.

Ọ̀rọ̀ náà tún yàtọ̀ fún ẹni tó ń lọ láti ilé. Ẹ wo ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Òṣogbo, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ ní Manchester, tó sì ń lọ bá a wẹ ọmọ. Káàdì kan wà nínú pọ́ọ̀sì ìyá. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wò ni àmì tó wà lójú káàdì náà. Bí ó bá jẹ́ Verve tàbí AfriGo, ilé ni agbára rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ Manchester lè tú u sílẹ̀ láìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ Visa tàbí Mastercard ti náírà, ìtàn rẹ̀ gùn. Lọ́dún 2022, àwọn báǹkì dín ohun tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná lẹ́yìn odi kù sí 20 dọ́là lóṣù, kó tó di ìparí ọdún náà ọ̀pọ̀ ti dá a dúró pátápátá. Ọdún 2025 ni àwọn kan nínú wọn tún ṣí i padà, olúkúlùkù pẹ̀lú gbèdéke tirẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìdáhùn kan tó kan gbogbo èèyàn. Ẹnu báǹkì ẹni ni èèyàn á ti gbọ́ ọ, kó sì ní kí wọ́n ṣí káàdì náà fún ìlò òkè òkun kó tó kúrò nílé. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìyá á kàn dúró níwájú ẹ̀rọ nínú òtútù, ọmọ tuntun lẹ́yìn, tí ẹ̀rọ náà á máa sọ fún un pé báǹkì rẹ̀ kò gbà.

Ẹni tó ní àkáǹtì dọ́mù, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú dọ́là, póńdì tàbí yúrò, ló rọrùn fún jù. Ṣùgbọ́n ìkóríta kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Káàdì dọ́là tí wọ́n bá lò ní Manchester tún ní láti yí dọ́là sí póńdì, báǹkì sì lè gé tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn báǹkì kan ní Nàìjíríà ń ṣe káàdì póńdì àti ti yúrò. Ẹni tó máa lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó tọ́ kó béèrè. Ètò owó ìrìn-àjò tún wà, èyí tí wọ́n ń pè ní PTA: 4,000 dọ́là láàárín oṣù mẹ́ta fún ẹni tó ń lọ fún ti ara rẹ̀, 5,000 fún oníṣòwò, lẹ́yìn tó bá ti fi ìwé ìrìnnà, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì hàn. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báǹkì máa san án sórí káàdì tàbí nípa ọ̀nà ẹ̀rọ, kí wọ́n má fi bébà dọ́là lé èèyàn lọ́wọ́ mọ́. Àṣẹ yẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ owó ẹ̀rọ kan àwọn èèyàn tí kò kàn rí. Ìyá tí ì bá di dọ́là rẹ̀ sétí ìró ti di oníkáàdì báyìí, wọ́n sì ní láti jókòó tì í kọ́ ọ.

Ní Ìlú Ọba gan-an, ibi tí ẹ̀rọ wà ló ń pinnu. Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri báǹkì kì í sábà gba owó tirẹ̀. Èyí tó wà ní ìgun sọ́ọ̀bù kékeré, ilé epo tàbí ilé ọtí lè gba póńdì kan àbọ̀ sí méjì, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síta kí oníbàárà tó gbà. Kí ìyá rìn dé iwájú báǹkì, kó gba owó tó máa tó o lẹ́ẹ̀kan, kó tẹ "láìsí pàṣípààrọ̀", kó máa lọ. Ìdí tó fi yẹ kéèyàn gbà á lẹ́ẹ̀kan hàn ní Thailand. Owó pàtó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò níbẹ̀, ó tó 220 baht tàbí jù bẹ́ẹ̀ lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan: lórí 2,000 baht, ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, lórí 20,000, ìdá kan àti díẹ̀ péré. Níbikíbi tí owó ẹ̀rọ bá ti jẹ́ pàtó, gbígbà díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ owó.

Bẹ́ẹ̀ bébà owó kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò ní Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Láti ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2014, bọ́ọ̀sì ìlú náà kò gba owó bébà tàbí ṣílè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àlejò tó kó póńdì púpọ̀ wá láti Lagos á dúró ní ibùdókọ̀, awakọ̀ á mi orí sí i. Ohun tí wọ́n ń lò ni káàdì tí wọ́n fi ń kan ẹ̀rọ fẹ́rẹ́; bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014. Káàdì òkè òkun tó bá ní àmì náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tó tún dára ni pé wọ́n ń ṣa gbogbo ìrìn ọjọ́ kan pọ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà owó pàtó tí báǹkì ń gé kò ní wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lóòjọ́. Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá fi káàdì kan ẹ̀rọ dípò kó wá ATM, ó ti yẹra fún owó ẹ̀rọ. Ìdá mẹ́ta ti báǹkì nìkan ló kù, ìyẹn náà sì ní oògùn.

Oògùn rẹ̀ ni káàdì tí kò ní ìgé òkè òkun nínú. Ní Ìlú Ọba, Starling àti Chase kì í gé ohunkóhun lórí owó àjèjì. Monzo àti Revolut ní gbèdéke: ní Monzo, ẹni tó bá gba owó nílẹ̀ tó wà lẹ́yìn Yúróòpù ní ọ̀fẹ́ tó 200 póńdì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí ìgé ìdá mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀. Wise, tí ọmọ ilẹ̀ Estonia méjì, Taavet Hinrikus àti Kristo Käärmann, dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2011, ń jẹ́ kí èèyàn tọ́jú oríṣiríṣi owó sójú kan, kó sì yí wọn ní iye ọjà àgbáyé. Wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí pé owó tí báǹkì ń gé bí wọ́n ṣe ń fi owó ránṣẹ́ láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti ilé wọn ti sú wọn, ìrora tí ọmọ Yorùbá kankan ní òkè òkun kò nílò kí wọ́n túmọ̀ fún un. Ní Amẹ́ríkà, àkáǹtì Charles Schwab kan wà tó ń dá owó tí ẹ̀rọ ATM gbà padà fún oníbàárà níparí oṣù, níbikíbi láyé. Ìlànà wọn ń yí láti ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n kò ju ìdajì wákàtí lọ láti ṣí ọ̀kan nínú wọn kí ìrìn-àjò tó dé, káàdì náà a sì bá èèyàn nílé láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀nà ìbílẹ̀ kan tún wà tí àwọn ìdílé ń lò. Ọmọ ní Manchester á fún ìyá rẹ̀ ní póńdì, ìyá á san náírà sínú àkáǹtì tí ọmọ náà ní nílé fún ìkọ́lé tó ń ṣe lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí báǹkì tó gé kọ́bọ̀. Láàárín ìyá àti ọmọ, ó tọ́. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àjèjì inú ẹgbẹ́ WhatsApp ti fi owó rẹ̀ sí ojú ẹ̀fúùfù; ọ̀pọ̀ ló ti san náírà tán kí ẹni tó jẹ wọ́n ní póńdì tó pa fóònù.

Àwọn ìlú kan wà tí gbogbo ìmọ̀ràn yìí yí padà. Ní Guangzhou, níbi tí àwọn oníṣòwò wa ti ń ra ọjà ní àdúgbò Xiaobei, fóònù ni wọ́n fi ń sanwó. Àlejò lè so Visa tàbí Mastercard rẹ̀ mọ́ Alipay: owó tí kò bá ju 200 yuan lọ kò ní ìgé, èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ ní ìdá mẹ́ta. Ní Cuba, ọ̀rọ̀ le jù bẹ́ẹ̀. Àwọn olórìṣà tó ń ti Miami àti New York lọ sí Havana fún ìtẹ́fá tàbí ìdóṣù gbọ́dọ̀ kó bébà dọ́là tàbí yúrò dání, nítorí pé káàdì báǹkì Amẹ́ríkà kì í sábà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá, nítorí òfin tí Amẹ́ríkà fi de ìlú náà. Wọ́n á ka iye ọjọ́, ka iye ohun ẹbọ, owó babaláwo, ilé àti oúnjẹ, wọ́n á sì fi díẹ̀ lé e, nítorí bó bá tán, kò sí ògiri kan tí wọ́n lè lọ kì káàdì bọ̀.

Ẹni tó bá ń kó bébà owó rìn tún ní òfin tirẹ̀. Ní Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà, 10,000 dọ́là ni ààlà. Ní Ìlú Ọba, 10,000 póńdì. Èyí tó bá tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ìwé àwọn aṣọ́bodè; láìṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbà á, ẹni náà á sì máa wá ẹ̀rí kiri pé iṣẹ́ àṣekára ló bí owó náà.

Òmíràn tó yẹ kí a mẹ́nu bà ni ẹni tó sá fún owó ẹ̀rọ débi tó fi gba owó tó pọ̀ jù. Nínú àpótí àwọn ìyá àti bàbá wa ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, bébà póńdì wà tí wọ́n dì sínú àpò ìwé, tí wọ́n mú bọ̀ láti ìrìn-àjò ọdún 2011 tàbí 2015, tí wọ́n ń tọ́jú de ìgbà mìíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, bébà àtijọ́ ti 20 póńdì àti ti 50 kò ṣeé ná ní sọ́ọ̀bù kankan ní Ìlú Ọba mọ́; ti márùn-ún àti ti mẹ́wàá ti kú ṣáájú, ní ọdún 2017 àti 2018. Onírọ́bà ni wọ́n ń ná báyìí, èyí tó gbé àwòrán Ọba Charles sì ti ń jáde láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Owó àtijọ́ náà kò tíì di asán. Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wà ní òpópónà Threadneedle ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣì ń gbà á, wọ́n sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tó bá ń wálé fún ọdún lè wo inú àpótí yẹn pẹ̀lú ìyá rẹ̀, kó ka ohun tó wà níbẹ̀, kó sì kó o dání nígbà tó bá ń padà.